Ẹ̀yìnkùlé Ni Kí O Gbà, Ọmọ Mi

Ìyá Onílé ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń fi háyà fún àlejò: fèrèsé kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Onílẹ́tà, ló ká ìwé sábẹ́ ẹsẹ̀ àga náà. Gbogbo àlejò tó bá wọ̀ síbẹ̀ ló máa ń kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má yọ ìwé yẹn o, torí òun ló gbé ilé dúró. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n gbé lẹ́tà kiri kì í rẹ́rìn-ín nígbà tó bá ń parọ́; ṣe ni ojú rẹ̀ ń le bí ojú akọ̀wé ilé ẹjọ́.

Iṣẹ́ náà ló sọ ọ́ di ẹni tó mọ ìlú ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Ó mọ ilé tí lẹ́tà ìfẹ́ máa ń wọ̀, ó sì mọ ọdún tí kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ó mọ ajá tó ń bunijẹ, ó mọ èyí tó kàn ń fẹnu ṣe akin. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ á tàn bí ojú ẹni tí wọ́n pè síbi oúnjẹ.

Àlejò tí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá láti òkè òkun, obìnrin kan tó tó ọmọ ogójì ọdún, olùkọ́ ìṣirò, tí bàtà rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì. Ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ èdè, nítorí náà bí arúgbó ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ béèrè ibi tí ilé ìwẹ̀ wà, á kọ́kọ́ béèrè bí onílé ṣe jí, bí ara ṣe le sí, àti bóyá oorun lo èèyàn dáadáa. Kó tó débi ilé ìwẹ̀, omi ti tutù.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló ní. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, bí wọ́n ṣe jókòó ti búrẹ́dì àti tíì, ó fa ìwé dídán kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ gàdàgbà: IBI MẸ́WÀÁ TÍ O KÒ GBỌDỌ̀ MÁ RÍ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú mẹ́wàá yìí, èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ?"

Bàbá fi awò sójú, ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn.

"Ojúsun omi ńlá. Hùn. Omi ibẹ̀ ti gbẹ láti ọdún kẹta. Àmọ́ ẹyẹlé pọ̀ níbẹ̀. Ṣé ẹ ní ẹyẹlé lọ́dọ̀ yín?"

"A ní wọn, sà."

"O ti rí i tán nìyẹn." Ó fi bírò fa ìlà lé e. "Ilé àwọn ohun àtijọ́. Ohun àtijọ́ mẹ́ta ló wà nínú ilé yìí, mo sì fi ọ̀kan nínú wọn ṣaya."

"Mo gbọ́ o!" ni Ìyá Onílé ké láti ilé ìdáná.

"Torí kí o lè gbọ́ ni mo ṣe sọ ọ́!" Ó fa ìlà mìíràn. "Ilé gíga tí wọ́n ti ń wo gbogbo ìlú láti òkè. Ṣé ẹyẹ ni ọ́ ni? Ẹni tó bá wo ìlú láti òkè, òrùlé ló rí. Òrùlé kì í kí èèyàn."

Kí tíì tó tán nínú ife, kò sí ibì kan tó ṣẹ́kù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Bàbá wá yí ìwé náà padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńláńlá tó dúró gbagidi, ó sì ń kọ 'ẹ̀yìnkùlé' sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

*Ilé kejì: ajá ibẹ̀ máa gbó. Irọ́ ló ń pa. Kọjá.*

*Ilé kẹrin: àga wà lábẹ́ igi. Jókòó. Bí wọ́n bá béèrè ìdí tí o fi jókòó, sọ pé Onílẹ́tà ló ní kí o jókòó.*

*Ilé búrẹ́dì: má gba iwájú. Iwájú ni wọ́n ti ń ta ti àná.*

*Ilé kẹrìnlélógún: ìyá kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́. Jẹ́ kó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ. Á sọ irú ẹni tí o jẹ́ fún ọ ju bí ìwọ fúnra rẹ ṣe mọ̀ lọ.*

*Télọ̀: gba géètì ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, wàá bọ́ sídìí àtẹ̀gùn.*

"Bàbá," ni àlejò wí, "gbogbo rẹ̀ ni ẹ kọ 'ẹ̀yìnkùlé' sí."

"Ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni àpótí lẹ́tà wà. Iwájú ilé, fún fọ́tò ni. Bí o bá kan ilẹ̀kùn iwájú, wọn á rò pé ọlọ́pàá ni, wọn á ní bàálé ò sí nílé, bàálé á sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Nígbà tó kù ìlà kan ṣoṣo, ọwọ́ Bàbá dúró. Ìyá Onílé ti gbé apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó ń lọ sá a. Bàbá yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀túnla lò ń lọ, àbí?"

"Ọ̀túnla ni, sà."

"Tíkẹ́ẹ̀tì tó máa gbé ọ padà sílé wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, sà."

"Ó dára. Irú rẹ ni wọ́n ń sọ àṣírí fún."

Ó wá sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè rí.

Lókè àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn télọ̀, àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́fà, ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ tó ti ń tún aago ṣe. Aláago ni wọ́n ń pè é. Bí Onílẹ́tà bá gbé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ: "Fi síbẹ̀." Kò ní ẹ káàárọ̀, kò ní ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, lọ́jọ́ kan báyìí, Onílẹ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dókè, lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ṣì wà nínú àpò, ni ẹnì kan sáré wá bá a láti ilé ìwòsàn. Ìrọbí ìyàwó rẹ̀ ti yíwọ́. Àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, dókítà ò sì ní fọwọ́ kan ọ̀bẹ títí ọkọ á fi fọwọ́ síwèé.

Òfin pósọ́fíìsì ò ní ojú àánú. Àpò lẹ́tà kì í kúrò léjìká akólẹ́tà. Ẹni tó bá gbé e fún ẹlòmíràn, bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan, kó má wulẹ̀ padà wá. Onílẹ́tà dúró síbẹ̀, ìyàwó lápá kan, iṣẹ́ lápá kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ̀, wọn ò lọ síbì kankan. Ìgbà náà ni Aláago jáde sí i, ó bọ́ àpò náà kúrò léjìká rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bọ́ aṣọ òtútù lọ́rùn ọmọdé.

"Lọ."

"Ẹ ò mọ àwọn ilé náà."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọ láti ojú fèrèsé. Ilé kejì lo máa ń wọ̀ kí o tó padà sí ilé kìíní, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ní kí o lọ!"

Ó lọ. Nínú àtẹ̀gùn mẹ́rìnléláàádọ́fà yẹn, kò rántí pé òun tẹ mẹ́wàá. Ó fọwọ́ síwèé, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, ìyá yè, ọmọ yè, ọmọbìnrin ni. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, àpò ti wà lórí ìṣó, ó ṣófo, wọ́n ti de okùn rẹ̀ dáadáa. Ó la ẹnu láti dúpẹ́. Aláago na ìka kan sókè.

"Gbé e mì. Ọpẹ́ tó bá jáde lẹ́nu akólẹ́tà, kì í pẹ́ dé ọ́fíìsì. Bí o bá fẹ̀yìntì, wá dúpẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n gbáko. Onílẹ́tà á gbé lẹ́tà dé, ọpẹ́ á wà lọ́fun rẹ̀ bí eegun ẹja, Aláago á ní, "Fi síbẹ̀." Ọ̀sẹ̀ tó sì fẹ̀yìntì gan-an, ilẹ̀ pósọ́fíìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù gbé e ṣubú, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ó ti gbìyànjú àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà yẹn. Lẹ́ẹ̀kíní ó dé ìkejìlélógún. Lẹ́ẹ̀kejì ó dé ìkẹtàdínlógún. Ó wá rí i pé ẹ̀yìn lòun ń lọ, ó bá fi í sílẹ̀.

"Ṣé kí n bá yín dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni, Bàbá?"

"Rárá o! Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo ti rí lẹ́tà ọpẹ́ tí wọ́n fi bo ìkòkò. Èyí, ẹnu èmi fúnra mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni Aláago báyìí bó bá wà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí o lọ wò ó bóyá ó wà. Má sọ nǹkan kan. Ṣáà wò ó."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun ni?"

"Á bú ọ. Bó bá bú ọ lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ò yá. Bó bá bú ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó le kokooko."

Àlejò ronú díẹ̀. "Ìyá Onílé ò sì mọ̀?"

"Ìyá Onílé, èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wọ etí rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán kì í bá a nílé. Nígbà tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ ni mo ń bẹ̀rù. Nígbà tí iṣẹ́ tán, òun gan-an ni mo wá ń bẹ̀rù." Ó kọ ìlà tó kù: *Òkè àtẹ̀gùn: Aláago.* Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi lé e lọ́wọ́.

Gbogbo ọjọ́ náà, Bàbá ò gbádùn. Ó jókòó lójú fèrèsé, ó dìde, ó tún jókòó. Ó po tíì, ó gbàgbé rẹ̀, ó po òmíràn.

"Ṣé ìwọ lo bí àlejò yẹn ni?" ni Ìyá Onílé bi í. "Àwọn tó wá lóṣù tó kọjá sọnù fún odidi ọjọ́ kan, oorun lò ń sùn."

"Àwọn yẹn ò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi."

"Ìyẹn náà ló jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà padà."

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ kí àlejò tó wọlé. Eruku ti bo bàtà rẹ̀. Búrẹ́dì gbígbóná kan wà lábíyá rẹ̀, bọ́tìnnì tuntun wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí bí ojú ẹni tí wọ́n fi joyè láìsọ fún un tẹ́lẹ̀. Ìyá Onílé gba búrẹ́dì, ó gbé e lọ gé. Àlejò jókòó.

"Bàbá, ẹ kú ilé sà. Títì kan náà ni mo rìn lálọ lábọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà, títí lọ, kí n tó padà wá sí ìkíní. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, sà. Mo ṣírò rẹ̀. Kò bójú mu."

"Ìṣirò kọ́. Pósọ́fíìsì ni. Ajá ńkọ́?"

"Ajá ilé kejì ti kú, sà. Ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí."

"Ó gbó?"

"Ó gbó."

"Ó gé ọ jẹ?"

"Rárá, sà."

"Ìdílé onírọ́. Máa bá a lọ."

"Àwọn onílé kẹrin fún mi lómi. Ilé búrẹ́dì kọ̀, wọn ò gbowó. Télọ̀ ní òun ò lè fojú rí ẹni Onílẹ́tà pẹ̀lú bọ́tìnnì tó ń mì. Ìyá ilé kẹrìnlélógún gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi láti ìta, wọ́n ní, 'Bàtà òkè òkun, àmọ́ ìrìn Onílẹ́tà ló ń rìn.' Wọ́n wá bi mí pé, 'Ọmọ náà ńkọ́?' Mo ní ọmọ wo. Wọ́n ní, 'Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí Aláago gbé lẹ́tà wá.'"

Ife tíì tó ń lọ sẹ́nu Bàbá dúró láàárín ọ̀nà.

"Kí lo wí?"

"Wọ́n mọ̀, Bàbá. Ilé búrẹ́dì mọ̀. Télọ̀ mọ̀. Gbogbo ilé tí mo wọ̀ ló béèrè ọmọ yẹn."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Ta ló tún máa sọ, sà? Òun ló kan ilẹ̀kùn wọn, àpò yín wà lọ́rùn rẹ̀."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá ti fi ń tọ́jú àṣírí yìí bí ẹyin, kò sì bọ́ sí i lọ́kàn rí pé ẹni tó bá gbé lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́ta kiri lọ́sàn-án gangan, wọn á rí i.

"Wọ́n ní lọ́sẹ̀ yẹn," ni àlejò ń bá a lọ, "ọ̀gá kan wá láti pósọ́fíìsì, tó ń wọ ilé dé ilé, tó ń béèrè ẹni tó gbé lẹ́tà wá. Gbogbo wọn ní ẹ̀yin ni. Ó ní ṣé ó dá wọn lójú. Wọ́n ní ó dá wọn lójú. Ìyá ilé kẹrìnlélógún ló búra jù. Wọ́n ní ojú òun méjèèjì yìí ló rí yín."

Bàbá gbé ife kalẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú, síbẹ̀ kò ríran dáadáa. Ẹnì kan ṣoṣo ló rò pé òun jẹ ní ọpẹ́. Àṣé odidi àdúgbò ni. Odindi ogójì ilẹ̀kùn ló pa ẹnu wọn mọ́ nítorí rẹ̀, tí wọ́n sì ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń kí i, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣẹ́jú sí i rí.

"Aláago ńkọ́?" ló bi í.

"Ó bú mi nítorí pé mo gba ojú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ó bú mi nítorí aago ọwọ́ mi, ó ní irú èyí, ẹni tí kò bìkítà àkókò ló ń wọ̀ ọ́. Ìkẹta, mi ò lè sọ ọ́ níwájú yín."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ó le kokooko!"

"Àmọ́ ó ń kó ẹrù, Bàbá. Ọ̀túnla ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wá gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ìlú tó jìnnà, létí òkun. Kò ní padà wá mọ́."

"Ọ̀túnla?" Bàbá wo orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń wo ọlọ̀tẹ̀.

"Aláago wo? Àpò wo? Ọmọ ta?"

Ìyá Onílé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo búrẹ́dì lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. Kò sí ibi tí Bàbá fẹ́ gbà. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí ìṣó tí àpò wà dórí ọ̀gá tó wá ṣe ìwádìí. Nígbà tó parí, Ìyá Onílé dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n ti jọ wà, Bàbá ò tíì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà rí. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà á.

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni obìnrin náà wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì tutù. "Ẹnì kan bọ́ àpò léjìká ẹ, kí wọ́n lè bá mi láàyè. Mò ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni nínú wọn ẹ ṣé rí, torí pé ìwọ, Bàbá wọn, o rò pé ẹnu mi ò ní ìdérí."

"Ìyá wọn, dákun..."

"Má bẹ̀ mí. Ọ̀la, a ń lọ."

"Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

"Màá pọ̀n ọ́."

Àlejò wú ikọ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Kò sí àtẹ̀gùn mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Géètì ẹ̀yìn télọ̀ tí ẹ ní kí n gbà, wọ́n ti fi bíríkì dí i. Mo bá yí gba ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì, ni mo bá já sójú ọ̀nà kan tí wọ́n fi símẹ́ǹtì tẹ́, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, tó ń yí bí ejò. Ọmọlanke ni wọ́n ṣe é fún. Ó ti pé ọdún mẹ́rin."

"Kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀," ni Bàbá wí.

"Mo rìn ín, sà."

"Èmi ni Onílẹ́tà!"

"Ẹ̀yin ni, sà. Bóyá wọn ò fi lẹ́tà sọ fún yín ni."

Ìyá Onílé ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà kì í béèrè ọ̀nà. Ohun tó ṣe Bàbá nìyẹn. Láti ọdún mẹ́fà, kò bi ẹnikẹ́ni nípa òkè yẹn, kí wọ́n má baà bi í ní ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀.

Àlejò fa bébà funfun kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tirẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ olùkọ́. *Ibi márùn-ún tí Bàbá gbọ́dọ̀ ti jókòó.* Òkúta pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì. Ògiri kúkúrú níbi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yí. Àga onígi obìnrin kan tó ń tọ́jú ológbò mẹ́fà, tó ní ẹnikẹ́ni lè jókòó bí kò bá ti lé ológbò. Ó kọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì sí i. Bàbá gbà á, ó kà á.

"Ìkíní ṣáájú ìkejì," ló wí. "Iṣẹ́ ẹni tí kò gbé lẹ́tà rí." Ṣùgbọ́n ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò àyà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbéra lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀: Bàbá pẹ̀lú ọ̀pá, Ìyá Onílé pẹ̀lú agboòrùn aláwọ̀ pupa, àlejò níwájú pẹ̀lú bàtà búrẹ́dì rẹ̀. Ọpẹ́ ẹnì kan ni Bàbá múra sílẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá, ó ti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó mọ ibi tóun á ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tóun á ti sinmi. Kò mọ̀ pé yóò máa ná an lójú ọ̀nà. Wọ́n ò tíì dé òkúta pẹlẹbẹ tí onílé búrẹ́dì fi jáde, ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́.

"Hà! Onílẹ́tà! A rò pé o ti gbàgbé ọ̀nà ibí!"

"Ẹ ṣé," ni Bàbá wí, "fún... ẹ mọ̀ ọ́n."

"Ta ló mọ nǹkan kan? A ò rí nǹkan kan." Ó ṣẹ́jú. "Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó ti bí méjì," ni Ìyá Onílé fèsì, ó sì di ọwọ́ onílé búrẹ́dì mú, ìyẹ̀fun àti gbogbo rẹ̀, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn. Télọ̀ yọjú, wọ́n dúpẹ́. Ìyá ilé kẹrìnlélógún ti jókòó sójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé, ó ní òun gbọ́ orúnkún Bàbá láti ìsàlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní kò tọ́pẹ́, ojú òun ti mú láti kékeré. Nígbà tí wọ́n fi dé àga onígi tí ológbò wà, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí Bàbá tò jọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ológbò kan gun orí itan rẹ̀, ó sì wo ìlú nísàlẹ̀. Òrùlé ló rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí òrùlé kan níbẹ̀ tí kò mọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kò sì sí ẹ̀yìnkùlé kan tí kò bo òun láṣìírí rí.

"Gbéra," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Bí o bá fẹ́ sunkún, sun ún níbi tó yẹ."

Ṣọ́ọ̀bù Aláago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Wọ́n ti ká àwọn aago kúrò lára ògiri, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wà sì funfun róbótó lára ọ̀dà tó ti pàwọ̀ dà. Àpótí kún ilẹ̀. Arúgbó náà jókòó ti tábìlì, dígí kékeré kan há sójú rẹ̀ kan, ó ń wo inú aago kan tí ẹnikẹ́ni ò ní wá gbà mọ́. Kò gbójú sókè.

"O pẹ́," ló wí.

"Ọdún mẹ́fà ni, sà. Orúnkún ni."

"Mi ò bi ọ́."

Bàbá Onílẹ́tà fi ọ̀pá ti ògiri. Ó wá ọ̀rọ̀ títí, kò rí. Ó wá sọ ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti fẹ̀yìntì, sà. Ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni."

Aláago yọ dígí lójú.

"Jókòó. Ìwọ lo rò pé o jẹ mí ní ọpẹ́. Kí n tó gba àpò rẹ lọ́jọ́ yẹn, ọdún méjì ni mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí. Aago mẹ́rin ni mo tún ṣe. Mẹ́ta nínú wọn, tèmi ni."

Àlejò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó gbé e mì.

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò sì gun àtẹ̀gùn yẹn wá wá mi. Àfi ìwọ, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹ káàárọ̀ rẹ tí mi ò dá lóhùn. Ọjọ́ yẹn, ogójì ilẹ̀kùn ni mo kàn. Wọ́n ní, 'Ta nìyí?' Mo ní, 'Aláago òkè ni.' Wọ́n ní, 'Onílẹ́tà ńkọ́?' Mo ní ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Wọ́n fún mi lómi. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì. Kí oṣù yẹn tó pé, aago ti kún tábìlì yìí, kò sì ṣófo mọ́ títí di àná. Ìtìjú ló jẹ́ kí n ní kí o má dúpẹ́. Èmi ló kàn láti dúpẹ́."

Ìyá Onílé kọjá láàárín àwọn àpótí, ó di ọwọ́ arúgbó náà méjèèjì mú, ọwọ́ tín-ínrín tí òróró aago ti wọ̀ nínú. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rọrùn. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀! Dípò bẹ́ẹ̀, ó fa fóònù yọ nínú àpò, ó tẹ nọ́ńbà kan, ó bá ẹni tó gbé e sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta. Ẹni náà pariwo lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ìyá Onílé wá gbé fóònù náà sétí Aláago.

"Bàbá," ni ohùn obìnrin kan wí láti inú rẹ̀, "màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi ni. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ ṣé, sà. Ẹ ṣé o."

Aláago gbọ́ ọ tán. Ó gbọ́ èémí rẹ̀ náà, bó ṣe máa ń gbọ́ inú aago.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Aago àyà rẹ ò sì dúró rí?"

"Kò dúró rí, sà."

"Ó dáa," ni Aláago wí, ó sì nu ojú rẹ̀ kan pẹ̀lú aṣọ tó fi ń nu dígí. "Nínú gbogbo èyí tí mo fọwọ́ kàn, òun ló ṣiṣẹ́ jù."